Iṣẹ́ tí òòfà ṣe kí ayé tó dáyé

Ṣé ẹ mọ òòfà? Mágnẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni, dúdú róbótó tó máa ń wà lẹ́yìn spíkà, táwọn ọmọ àdúgbò wa n'Ìsọlọ̀ fi ń ṣa ìṣó nínú iyanrìn. Agbára irú ẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí oòrùn wa ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn, ọmọ tuntun ṣì ni oòrùn. Gáàsì àti eruku tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, wọ́n ń yí i po. Oòrùn ń fa gáàsì yìí mọ́ra, ṣùgbọ́n yíyí tó ń yí po ò jẹ́ kó wọlé. Ó di dandan kí nǹkan kan gba díẹ̀ nínú agbára ìyípo yẹn.

Ká ní danfó méjì ń yí po l'Óṣòdì. Ti inú ń sáré, ti òde ń rọra lọ. Ẹ wá fi rọ́bà táyà so wọ́n pọ̀. Ti inú á máa wọ́ ti òde síwájú, ti òde á máa fa ti inú sẹ́yìn. Bí òòfà ṣe ń so gáàsì inú mọ́ ti òde nìyẹn. Ti inú pàdánù agbára ìyípo, oòrùn fà á wọlé. Ti òde gbà á, ó sún síta. Òòfà tún lè fẹ́ gáàsì díẹ̀ jáde bí afẹ́fẹ́, kí ìyẹn gbé agbára náà lọ.

Ẹ lè ní, ta ló wà níbẹ̀? Òkúta ló wà níbẹ̀ o! Lọ́dún 1940, ọ̀kan já láti òfurufú sí Semarkona ní Íńdíà. Àwọn hóró inú ẹ̀ ti yọ́ rí nígbà èwe oòrùn. Bí wọ́n ṣe ń tutù, wọ́n gba àmì òòfà ìgbà náà sára, bí ẹsẹ̀ ajá ṣe ń hàn nínú kọnkéré tó ti gbẹ. Lọ́dún 2014, Roger Fu àtàwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi 54 microtesla. Ti ayé wa lónìí wà láàárín 25 sí 65.

Lọ́dún 2017, wọ́n yẹ òkúta òfurufú míì wò, èyí tó ṣẹ̀dá lẹ́yìn tàkọ́kọ́. Àmì òòfà ọ̀hún ò sí lára wọn mọ́. Ìyẹn ni pé láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ọdún, gáàsì ti pòórá. Júpítà, tí gáàsì pọ̀ lára ẹ̀, ti ní láti bu tiẹ̀ kí àwo tó gbẹ. Ayé wa ní tiẹ̀, eruku àti òkúta tó ṣẹ́ kù ló fi kọ́ ara ẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé ò bá gáàsì.