Ṣọ́jà Ìyìn Tó Jókòó Sórí Àga Fájuyì

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín lẹ mọ Fájuyì, tí wọ́n pa pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi ní oṣù Keje 1966. Ẹni tó gba àga lẹ́yìn rẹ̀, Robert Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, òun lẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe gómìnà lórí gbogbo Ìjẹ̀ṣà, Ìbòkun tiwa yìí náà ńbẹ̀, títí di 1971.

1948 ló wọ iṣẹ́ ológun. Ó dé Kóńgò, ó sì ṣe Chief of Staff ní oríléeṣẹ́ ológun. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní January 1966, ẹ̀kọ́ ló wà lẹ́nu ẹ̀ ní London. Bóyá ìyẹn ló yọ ọ́. Wọ́n pa Adémúlégun àti Ṣódẹ́indé nílé.

Ọ̀rọ̀ owó orí ni mo fẹ́ ká dúró lé. Ní 1968, ogun Biafra ń lọ, iye tí ìjọba ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ò tó nǹkan, owó orí àti oríṣiríṣi owó mìíràn sì ń pọ̀ sí i. Láyé òṣèlú, àgbẹ̀ tí ìyà ń jẹ á lọ bá aṣòfin ẹ̀, torí aṣòfin ń wá ìbò. Àwọn ṣọ́jà ti ti ilé aṣòfin pa. Ta ló kù tí wọ́n á lọ bá? Ọba, baálẹ̀ àti agbowó orí, àwọn gan-an tí wọ́n ń bínú sí! Ìdí nìyẹn tó fi di ìbọn n'Íbàdàn ní oṣù Kọkànlá.

Adébáyọ̀ kó ọlọ́pàá àti ṣọ́jà tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ó tún gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé ẹjọ́ àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ ìjà ò tán. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré làwọn Àgbẹ́kọ̀yà láwọn máa san. (Ẹ̀yin ọmọ náírà, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn.) Awólọ́wọ̀ ló wá lọ bá Táfà Adéoyè ní Akánrán, tí wọ́n fi parí ẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ.

Ṣé Adébáyọ̀ burú ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà tó mọ iṣẹ́ ni, òun náà ló dá Pólì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1970. Àmọ́ àṣẹ ló kọ́ ní bárékè, kò sì sẹ́ni tó dìbò fún un tó lè pè é jókòó.

Ní 1999, Níyì ọmọ ẹ̀ di gómìnà Èkìtì. Ìyẹn ní láti kọ́kọ́ tọrọ ìbò láti abúlé dé abúlé.