Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Tí Ó Di Ọgbà Ìgbafẹ́

Nínú èdè wa, ibi tí a ń gbin òdòdó sí, ọgbà ni à ń pè é. Ibi tí a ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́, ọgbà náà ni à ń pè é. Ní Èkó, ní òpópónà Broad Street, ní ìtòsí ilé ìwòsàn àgbà ti ìjọba, ilẹ̀ kan wà tí ó ti jẹ́ ọgbà ní ọ̀nà méjèèjì. Òun ni a mọ̀ sí Freedom Park lónìí, èyíinì ni Ọgbà Òmìnira. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń mú àwọn ọmọ wọn lọ ṣe fàájì níbẹ̀ láì sọ fún wọn irú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Nítorí èyí ni a fi rí i pé ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀.

Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ìjọba titun kò sì lè ṣàì ní ilé ẹ̀wọ̀n. Ògiri amọ̀ àti òrùlé koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò lálòpẹ́. Ní 1885 wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi mọ odi tí ó le, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Kì í ṣe olè àti apànìyàn nìkan ni odi náà gbà sí inú. Herbert Macaulay wọ ibẹ̀, ẹni tí í ṣe ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí baba rẹ̀ sì dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, ní 1913 àti ní 1928. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tí ìwé ìròhìn rẹ̀ gbé jáde lórí ọ̀ràn Ọba Èṣùgbàyí Elékò ni ó fà á. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira pàápàá, ilẹ̀kùn náà kò sinmi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ní 1963, wà lára àwọn tí a tì mọ́ ibẹ̀, kí a tó gbé e lọ sí Kàlàbá. Ibẹ̀ náà ni a sì ti ń yẹgi fún àwọn tí a bá dá lẹ́bi ikú.

Ní 1979 a wó ilé ẹ̀wọ̀n náà lulẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e: ilẹ̀ tí ìtàn ìlú pọ̀ lórí rẹ̀ tó báyìí di ààtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ń da pàǹtírí sí orí rẹ̀. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ni ó ya àwòrán bí a ó ṣe tún un ṣe, a sì ṣí ọgbà náà ní October 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó gba òmìnira.

Ẹni tí ó bá wọlé lónìí yóò rí igi, òdòdó àti omi, ibi tí a ti ń jẹun, ilé kékeré tí a kó ohun ìtàn sí, àti yàrá tí a ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí. Àwọn òǹkọ̀wé a máa pàdé níbẹ̀ ní November fún àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà. A fi ipa àwọn iyàrá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí a lè rí bí wọ́n ti kéré tó. Pèpéle ńlá tí àwọn olórin ń dúró lé, orí ibi ìyẹgi àtijọ́ gan-an ni a kọ́ ọ sí.

Àwọn kan ń bèèrè pé, ó ha tọ́ kí a máa jó ní ibi tí a ti yẹgi fún ènìyàn? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Lójú tiwa, ijó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàgbé ni. A gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ náà di ààtàn. Bí a bá tún gbàgbé nínú fàájì, kí ni a fi sàn ju àwọn tí ó da pàǹtírí síbẹ̀ lọ? Macaulay àti Awólọ́wọ̀ ní ẹni tí ń rántí wọn. Ta ni ń rántí àwọn tí a yẹgi fún, tí a kò mọ orúkọ wọn, tí àwọn náà ní ìyá tí ó sọkún wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá, nígbà tí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ, ẹ má ṣe kọ́kọ́ yà sí ibi oúnjẹ. Ẹ mú wọn dúró ní àárín iyàrá ẹlẹ́wọ̀n kan, kí wọ́n na apá wọn, kí wọ́n sì wo bí àyè ti kù tó. Ẹ sọ ìtàn náà fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣeré tẹ́rùn, kí wọ́n má sì ṣe ju ìdọ̀tí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yóò wo òdòdó. Àwa àgbà ni kí a wo ẹ̀yìn, kí a sì fi ohun tí a rí hàn án.