Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó àánú fáwọn àgbà lórí fọ́ọ̀mù owó orí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California, fọ́ọ̀mù 540 ní àyè tẹ́ ẹ ti lè kọ iye tó wù yín fáwọn àgbàlagbà, kó tiẹ̀ jẹ́ dọ́là kan. Ó pọn dandan fún ẹnikẹ́ni? Rárá o.

Nílé, ní Nàìjíríà, ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ni òfin ṣílẹ̀kùn fún. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó kọ̀ńtẹ́nà gba Creek Road, ní Àpápá, tó bá ta ẹgbẹ́ aláàánú tí òfin mọ̀ lọ́rẹ, lè yọ owó náà kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí, bí kò bá ti ju 10% èrè lọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí ọ̀gá fi sọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní Ajégúnlẹ̀ kò sí nínú ẹ̀, bó ti wù kó dáa tó. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀.