Àwọn Tí Kì í Wọ Jẹ́sì

Bí a bá bi àgbàlagbà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Èkó léèrè nípa Stationery Stores, orúkọ Peter Fregene tó ń ṣọ́lé àti Haruna Ilerika ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n Adebajo Babes, ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà, orúkọ ẹni tí kò sí lórí pápá ló wà nínú rẹ̀.

Oníṣòwò ohun èlò ọ́fíìsì ni Israel Adebajo. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló bí ẹgbẹ́ náà, òun ló sì ń náwó sí i. Stores gba ife Challenge ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Adebajo kú ní 1969.

Ẹgbẹ́ náà kò bá a kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbé e ró: wọ́n tún gba ife náà ní 1982 àti 1990, wọ́n sì gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn èyí ni ìjà lórí ta ló ni ẹgbẹ́ dé kóòtù, tí gbogbo rẹ̀ sì dàrú.

Ẹ̀yin òbí, yálà Bobiel ní Niamey lẹ wà tàbí Èkó, ẹ wo ẹgbẹ́ àdúgbò tí ọmọ yín ń bá gbá bọ́ọ̀lù. Ta ló ń ra bọ́ọ̀lù? Ta ló ń fọ jẹ́sì? Ta ló ń san owó ọkọ̀? Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ fẹnu kò báyìí lórí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn lọ́la. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.