Ibi tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yíya Àwòrán-Ilé ti Lè Rí Ohun Ìdánrawò

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ti àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé tí a kò tí ì kọ́, kí onílé lè rí i bí ẹni pé ó ti dúró, tí oòrùn sì ń tàn sí i lára. Irinṣẹ́ iṣẹ́ náà kò ṣòro í rí mọ́. Ọ̀fẹ́ ni a ń gba Blender. Ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tí yóò fi dánra wò, nítorí kò tí ì ní oníbàárà tí yóò gbé pùláànù fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú ilé tí àwọn ará Yúróòpù ti yà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi ọ̀dà mìíràn kùn ún, tí wọ́n sì ń pè é ní iṣẹ́.

Èrò tiwa ni pé ohun ìdánrawò tí ó dára jù ni ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀. Bí ènìyàn bá ya ilé tí kò rí rí, ta ni yóò sọ fún un pé àwòrán rẹ̀ purọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi Mọ́níyà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akinyẹle, ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí a fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà, lórí ọ̀nà ojú irin kìlómítà 157 tí a ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ọdún 2021. Nínú ìlú kan náà ni a ti ń rí ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ilé kékeré ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Kí ó fi téèpù wọn ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àti bí òrùlé ṣe yọ kọjá ògiri tó. Kí ó ya fọ́tò igun kan náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Oòrùn ni yóò kọ́kọ́ já irọ́ àwòrán rẹ̀. Ní Yúróòpù, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Ní Mọ́níyà, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni ó wà. Ní oṣù kẹfà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ògiri tí ó kọjú sí àríwá ń gba oòrùn, bí òjò bá yọ̀ǹda. Ẹni tí kò bá tún ibi tí oòrùn wà ṣe nínú kọ̀ǹpútà yóò ya fàráńdà tí ó tutù fún oníbàárà. Oníbàárà yóò náwó kọ́ ọ, ooru ni yóò sì bá níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ bá ti mọ èyí, ìwé wà tí ó lè lò. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn àwọn ilé àbáláyé ilẹ̀ wa. Ó kú ní ọdún 1982. Ní ọdún 1990 ni ìwé rẹ̀, An Introduction to Nigerian Traditional Architecture, jáde ní apá mẹ́ta. Apá kejì kan ilẹ̀ Yorùbá: pùláànù wà níbẹ̀, àwòrán tí ó gé ilé láti fi inú rẹ̀ hàn náà sì wà. Agboolé alákòódì tí ó ti wó ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èyí gbé dìde. Iṣẹ́ tí ó níyì ni, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tí ń ṣe é kò pọ̀.

Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀, ni ìdánwò tí ó le jù. Ìrìn mọ́tò díẹ̀ ni láti Mọ́níyà. Ògiri oníhò rẹ̀ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Kò rọrùn láti yà.

Ní ti pùláànù láti ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé, ti ẹni tí ó yà á ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ rẹ̀, kí ó sì yọ orúkọ onílé kúrò kí ó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kí ó tó na téèpù níbẹ̀.