Àdàkọ géèmù: òkun tó wà láàárín kò dá ọlọ́pàá dúró

Ẹni tó bá rìn yí ọjà Ouando ká ní Àjàṣẹ́ níbí yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, tí wọ́n ń da orin, fíìmù àti géèmù sórí fóònù oníbàárà fún owó sẹfà péréte. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, òkèèrè ni àwọn tó ni géèmù náà wà. Ta ni yóò tìtorí ìyẹn wá sí Àjàṣẹ́?

Ohun tí Gary Bowser náà gbójú lé nìyẹn bóyá. Ọmọ Kánádà ni, orílẹ̀-èdè Dominican Republic ló sì ń gbé. Òun àti ẹgbẹ́ Team Xecuter ń ta ohun èlò tí èèyàn fi ń gbá géèmù Nintendo láì sanwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un ní 2020, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Seattle sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 40. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ó ní nǹkan bí 320,000 dọ́là péré ni òun rí nínú òwò náà fún ọdún méje! Ó ti jáde lẹ́wọ̀n ní 2023, ṣùgbọ́n Nintendo ṣì ní ìpín nínú owó tó bá ń wọlé fún un lóṣooṣù.

Ti ẹni tó ń tú géèmù síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé tún yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arion Kurtaj, já wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Rockstar, ó sì tú fídíò 90 jáde nínú Grand Theft Auto VI tí wọn kò tíì ṣe tán. Àfi bí ẹni wọ ilé ìdáná olóúnjẹ, tó bu ọbẹ̀ tí kò tíì jinná fún gbogbo àdúgbò. Rockstar ní ó ná àwọn ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Àwọn dókítà sọ pé autism rẹ̀ le débi pé kò lè jẹ́jọ́; ní oṣù kejìlá 2023, adájọ́ ní kí wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ṣọ́, láìdá ọjọ́ tí yóò jáde.

Níbí ńkọ́? Òfin ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bó ṣe dáàbò bo orin àti ìwé. Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú àdéhùn Berne, bí Japan náà ṣe wà níbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ará Japan kì í ṣe ohun àìlólówó ní Àjàṣẹ́. Ti ẹni tó bá já wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, Code du numérique ọdún 2018 ti ń dúró dè é.

Ọmọ tó ń gbá géèmù nílé kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lé, ẹni tó ń dà á kọ tà ni. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, BUBEDRA, wà ní Kùtọnù fún oníṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ béèrè.