Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ló Ń Mú Ọjọ́ Ìrìn-Àjò

Irú fọ́tò kan wà tó máa ń jáde nínú ìròyìn: bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ, àjọ aláàánú ló sì sanwó gbogbo ìrìn-àjò náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Ó mà ṣe o, wọ́n ní kó gbádùn ayé díẹ̀ kó tó lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í sábà jẹ́ òótọ́.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1980, nílùú Phoenix, ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá fínra ní ọlọ́pàá lòun fẹ́ dà. Àwọn ọlọ́pàá rán aṣọ fún un, wọ́n gbé e wọ hẹlikópítà, wọ́n sì sọ ọ́ di ara wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó fi kú. Látinú ìtàn yẹn ni àjọ Make-A-Wish, tó ń fún àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ní ohun tí ọkàn wọn fẹ́, ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìṣègùn ti kúrò níbi tó wà nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tó ń rí ìwòsàn. Àìsàn tó fi ẹ̀mí sínú ewu ni Make-A-Wish ń béèrè. Kò ní kí dókítà ti sọ̀rètí nù.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń mú ọjọ́ ìrìn. Ìsinmi iléèwé kọ́ ló ń mú un. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni.

Inú mùdùnmúdùn egungun lara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò: níbi tí kòkòrò àrùn bá ti yọjú, òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn, nítorí náà ara gbọ́dọ̀ máa ṣe tuntun lójoojúmọ́. Oògùn jẹjẹrẹ ní tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín sí méjì ló ń lé kiri. Ti jẹjẹrẹ ń yára pín, ti irun ń yára pín, ti inú mùdùnmúdùn náà bẹ́ẹ̀. Oògùn kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Ohun tó ń pá orí ọmọ náà ló ń pa àwọn ọdẹ rẹ̀.

Nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, tí kò tó ẹ̀kán rárá, ara tó dá ṣáṣá máa ń ní neutrophil 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tó 500, ewu dé. Nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn oògùn ló sábà máa ń lọlẹ̀ jù, kó tó tún máa gòkè. Láàárín ìgòkè yẹn àti oògùn tó kàn ni àyè ìrìn-àjò wà. Bí iye náà bá kọ̀ tí kò gòkè, wọ́n á tú ẹrù tí wọ́n ti dì.

Àyè bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Henri Landwirth rí èyí. Ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Belgium ni, ó la àgọ́ Auschwitz já, ó sì di oníhòtẹ́ẹ̀lì ní Florida. Láwọn ọdún 1980, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fẹ́ wá wo Mickey Mouse. Yàrá ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì Landwirth, ètò tó kù ló pẹ́ jù. Ọmọ náà kú kó tó dé. Lọ́dún 1986 ni Landwirth dá Give Kids The World sílẹ̀. Abúlé rẹ̀ ní Kissimmee ń gba odindi ìdílé lálejò fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ láyè láti fi áísìkirímù ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Ṣé irú ìrìn-àjò yìí ń ṣe ara lóore? Àwọn olùwádìí ní Nationwide Children's Hospital, ní Ohio, fi ọmọ 496 tó rí ohun tí ọkàn wọn fẹ́ gbà wé 496 mìíràn tí kò rí i gbà. Àwọn tó rí i gbà kì í sáré padà sí ọsibítù tó àwọn yòókù. Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra. Wọn ò ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ náà. Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọmọ tó rìn, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbà fún un láti wọ ọkọ̀ òfurufú lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń le tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ tó ń ṣàìsàn gba bàbá àti ìyá wọn padà lọ́wọ́ ọsibítù tó ohun tí a ń náwó lé lórí, bí kò bá tilẹ̀ dín àìsàn kù rárá.

Àìtó àwọn ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló ń sọ ibà di ewu. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gba oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo bẹ̀ yín: bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ẹ má fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù kí ẹ máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, kí ẹ sì sọ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà pé oògùn jẹjẹrẹ ló ń gbà. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ti wọ ara rẹ̀.